“Máa Ṣe É Lọ” Ni Mo Wí, Wọ́n sì Gbẹ́ Sàréè De Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ bá mi jókòó díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti di egbò sí mi lára. Àná yìí náà, ẹnìkan tún wá sílé wa ní Sawaba, ní Kumasi ilẹ̀ Gánà, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi, ó ní kí wọ́n forí jin òun, òun ò mọ̀ pé òótọ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń wá nìyẹn láti ọjọ́ tí bàbá ọkọ mi ti kú. Wọn ò kí wa kú ará fẹ́ra kù kí wọ́n máa lọ, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ìrun jánásà ẹnikẹ́ni fo òun, ẹni tó máa ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí òkú àjèjì, ìgbà tó kan tirẹ̀, àwọn tó dúró kírun sí i lára ò kún ìlà méjì. Bí àwọn ẹlẹ́bẹ̀ bá ti dé, inú yàrá ni mo máa ń sá sí, torí èmi gan-an ni ìkúnlẹ̀ yẹ. Bàbá kú lẹ́ẹ̀mejì. Ikú àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ló ti wá, òun ló sì ba èkejì tí Ọlọ́run fọwọ́ sí jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kumasi ni wọ́n bí mi sí, ládùúgbò Moshie Zongo, ọmọ Ìlọrin ni bàbá mi. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, mo máa ń ṣe porogíráàmù fún àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìwé. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀, orí á máa fọ́ mi, ẹ̀yìn á máa dùn mí. Ìgbà tí ẹ̀rọ AI tó ń báni kọ ọ́ dé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló kù. N ó sọ ohun tí mo fẹ́ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, á kọ ọ́, á dán an wò, á tún ibi tó bá wọ́ ṣe, èmi á máa mu tíì mi. Ó dùn paa! Ó dùn débi pé orí mi wú. Ọkọ mi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Fàtí nítorí ọmọbìnrin wa, a máa sọ fún mi pé kí n máa yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wò dáadáa, n ó ní kó lọ dojú kọ iṣẹ́ wẹ́dà rẹ̀. Ẹ ò rí ẹnu mi bí?

Bàbá rẹ̀, Àlájì Ràúfù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó dàgbà sí Kumasi, ni akéde òkú fún jámáà wa. Ẹ mọ̀ pé àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́ sílé. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, ìrun Àyìlá, ó pẹ́ tán Àlàásárì, ni wọ́n á gbé e lọ. Nítorí náà akéde gbọ́dọ̀ yára. Bàbá á gun alùpùpù wọn, wọ́n á yí Sawaba po, wọ́n á já sí Moshie Zongo, agboolé kan ò ní gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ọ́ látorí alùpùpù o. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kí onílé, wọ́n á dárúkọ òkú mọ́ orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á sọ bóyá ojú ara wọn ni wọ́n fi rí i tàbí ta ló rán wọn. Wọ́n ní òkú tí a bá kéde láìsọ̀kalẹ̀, bí ẹni ń polówó ẹran ni. Èmi a máa rẹ́rìn-ín. Lójú mi, àṣà àgbà lásán ni.

Àìsàn kíndìnrín ló dá Bàbá dúró. Wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù ńlá tó wà ní ìhà Bantama, kò sì sí ẹni tó gba iṣẹ́ náà ṣe. Àárín ìgbà yẹn ni ìyá arúgbó kan kú ládùúgbò, kí ọ̀rọ̀ tó kárí, wọ́n ti sin ín tán, àwọn tó kírun sí i lára ò tó nǹkan. Bàbá gbọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú sí ògiri. Ìgbà tí mo gbé oúnjẹ lọ, wọ́n bi mí pé ṣé fóònù wa yìí ò lè ṣe iṣẹ́ náà ni. Mo ní ó lè ṣe é, kíá báyìí! Ojú wọn tàn. Wọ́n wá ní kí n má kánjú, kí n kọ́kọ́ wá jókòó ti àwọn kí àwọn sọ fún mi bí a ṣe ń kéde òkú, torí ó ní bó ṣe ń lọ. Mo ní “Ó dáa, Bàbá,” mo gbé fíláàsì, mo jáde. Mi ò pa dà bi wọ́n. Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n? Ṣebí ọ̀rọ̀ ni a fẹ́ fi ránṣẹ́.

Lémọ́ọ̀mù fún mi ní nọ́ńbà fóònù gbogbo agboolé. Ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe porogíráàmù ìkéde náà, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n parí rẹ̀ kí àsìkò tí wọ́n ń jẹ́ ká wọlé wo aláìsàn tó tó, kí n lè gbé e dé iwájú Bàbá kí wọ́n súre fún mi. Mo kó nọ́ńbà gbogbo jámáà sínú rẹ̀, mo so ó mọ́ ojúlówó ọ̀nà tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí fóònù ènìyàn. Mo tún ní kí àyè wà fún orúkọ àwọn aláìsàn, kí àwọn ènìyàn lè máa bẹ̀ wọ́n wò, orúkọ Bàbá nìkan ló sì wà níbẹ̀. Mo wá rọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ fún ẹ̀rọ AI náà ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó dá mi lóhùn pé kí òun tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí n jẹ́ kí òun kọ ètò tí òun fẹ́ tẹ̀ lé sílẹ̀ kí n kà á. Ó ní àwọn nǹkan kan ò tíì yé òun. Ta ló máa fọwọ́ sí ìkéde kó tó jáde? Àwọn nọ́ńbà yìí ńkọ́, ṣé ti àwọn ènìyàn gidi ni? Mo pòṣé. Mo wo aago, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Má bi mí ní nǹkan kan mọ́. Máa ṣe é lọ, dán gbogbo rẹ̀ wò, kó ṣáà ṣiṣẹ́.” Mo tẹ ibi tó fún un láṣẹ láti ṣe ohunkóhun láìbéèrè, mo sì bọ́ sí ilé ìdáná láti lọ bu ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún Bàbá.

Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi fi dún. Mo fi ọwọ́ ọlọ́bẹ̀ ṣí i. “Ìnnà lílláhì wa ìnnà iléhì rájíùnà. Àlájì Ràúfù ti Sawaba ti jáde láyé. Ìrun jánásà lẹ́yìn Àlàásárì lónìí.” Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé èmi fúnra mi gbà á gbọ́? Mo ju ìgbakọ sílẹ̀, mo ká ọwọ́ lérí, omijé ti ń bọ́. Ìgbà tí mo fẹ́ pe ọkọ mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí orúkọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, orúkọ tí èmi ni mo fún porogíráàmù náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo sáré wọ yàrá. Ẹ̀rọ náà ti kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́: láti dán ìkéde ikú wò, òun nílò orúkọ, ẹyọ orúkọ kan ló wà láàárín àwọn aláìsàn, òun sì lò ó, ọ̀rọ̀ ti dé orí gbogbo fóònù. Kò pa irọ́, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó yẹ kó dúró bi mí lẹ́ẹ̀kejì lóòótọ́, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo pariwo mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ló ní kó má bi òun ní nǹkan kan mọ́?

Kí n tó jáde síta, agboolé ti dàrú. Hájìà, ìyá ọkọ mi, wà nídìí omi níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Obìnrin Àṣáńtì tó ń gbé yàrá ìkángun ló kọ́kọ́ dì mọ́ wọn, tó ń wí pé “due, due,” bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́fọ̀ lédè wọn. Hájìà wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n rí omijé lójú mi, wọ́n sì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Mo ń pariwo pé irọ́ ni, Bàbá ò kú, ta ló ń gbọ́ mi? Ẹni tó ń sunkún tó ń sọ pé òkú ò kú, wọ́n rò pé ọ̀fọ̀ ló kọ lù mí. Fóònù ń dún lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó wà ní Tamale ti wọ ọkọ̀, ó ti ń bọ̀, a pè é títí, kò gbé e. Bí ọkọ̀ yẹn bá forí sọ igi lójú ọ̀nà ńkọ́, òkú mélòó ni mo fẹ́ dá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan? Mo sáré kọ òmíràn: “Irọ́ ni o! Àlájì Ràúfù wà láàyè. Ẹ má gba ìkéde ikú wọn gbọ́, àṣìṣe ẹ̀rọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn.” Mi ò kọ ọjọ́ sí i, mi ò kọ ohunkóhun sí i mọ́. Mo rán an, mo já sójú títì, mo dá takisí dúró.

Ohun tí mò ń rò nínú takisí náà kò ṣeé sọ tán. Nọ́ńbà gbogbo jámáà ni mo kó sínú rẹ̀, Bàbá náà sì wà nínú jámáà. Ṣé wọn ò ní kà á? Ọkàn ẹni tó ń ṣàìsàn lè gbé irú rẹ̀ bí? Mò ń bẹ dẹ́rẹ́bà kó yára, ó ní ṣé òun lòun kó àwọn ọkọ̀ tó wà níwájú síbẹ̀ ni. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, mo rí Bàbá tí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé wọn jókòó, fóònù wà lórí itan wọn. Mo wó lulẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì.

“Ìyàwó,” ni wọ́n wí, “wọ́n ní lẹ́yìn Àlàásárì ni wọn ó kírun sí mi lára. Ṣé kí n múra?”

Mo fi ẹkún sọ gbogbo rẹ̀, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọn ò bú mi. Wọ́n bi mí pé ta ló sọ̀ kalẹ̀ wò ó kó tó jáde. Mo ní kò sẹ́nìkankan. Nọ́ọ̀sì wá wo omi tó ń wọ ọwọ́ wọn, ó tún lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ èyí tí mi ò lè gbàgbé láyé.

“Ikú ò bà mí lẹ́rù. Àwọn tó sáré lónìí ni mò ń rò. Èèyàn kì í sáré lẹ́ẹ̀mejì fún òkú kan ṣoṣo.”

Ìgbà tí mo délé ni mo gbọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ jámáà ti gbẹ́ sàréè tán kí ọ̀rọ̀ mi kejì tó bá wọn. Ó wá dogun. Àwọn àgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ní sàréè tí a bá ti la ẹnu rẹ̀ kì í wà lófo, ká gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ká sin ín síbẹ̀ kó má bàa béèrè ẹni tí a gbẹ́ ẹ dè. Lémọ́ọ̀mù ní ẹ̀sìn ò gba irú ẹ̀, erùpẹ̀ ni kí wọ́n rọ́ dí i. Erùpẹ̀ náà ni wọ́n rọ́. Hájìà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò jẹun, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gúnlẹ̀ láyọ̀ lóru ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sì kí mi. Mo gbà, ó tọ́ sí mi. Ìgbà tí Bàbá sì pa dà sílé, tí àwọn ènìyàn ń bá wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Àlájì Àtọ̀runbọ̀, tí Bàbá fúnra wọn ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ti parí. Mo pa porogíráàmù náà rẹ́, mo ní Ọlọ́run ti bò mí láṣìírí. Mi ò mọ̀ pé ẹyin ni ọ̀rọ̀, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn èyí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bàbá ní kí wọ́n gbé omi wá fún àwọn. Kí Hájìà tó gbé e dé, ó ti parí. Èyí kì í ṣe àwàdà. A pa ojú wọn dé, Lémọ́ọ̀mù ní Àyìlá ni ìrun, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ènìyàn. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè bú sẹ́rìn-ín, ó ní “Chale, ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rọ ìyàwó ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀?” Ọkọ mi bú sẹ́kún, ẹni yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà. Ṣùgbọ́n mélòó lèèyàn fẹ́ sunkún sí létí kí oòrùn tó kan àtàrí? Àwọn tó gbọ́ tí wọ́n fẹ́ dìde ńkọ́? Ẹ dúró kí ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí fóònù dé orí fóònù: “Irọ́ ni o! Àlájì Ràúfù wà láàyè. Ẹ má gba ìkéde ikú wọn gbọ́.” Ọ̀rọ̀ mi ni! Èyí tí mo sáré kọ, tí mi ò kọ ọjọ́ sí, tí mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹnìkan tó fẹ́ràn Bàbá ti tọ́jú rẹ̀, ó rò pé òun ń ṣe oore, ó rán an kiri. Àwọn tó ti wẹ̀, tí wọ́n ti wọ jálámíà, kà á, wọ́n sì pa dà sídìí òwò wọn.

Mo kọ òmíràn pé òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ta ló fẹ́ gba ti ẹnu mi? Nígbà tó yá, ọkọ mi gun alùpùpù bàbá rẹ̀, ó ń lọ láti agboolé dé agboolé, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń búra. Àwọn tó bá gbà á gbọ́ ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n Sawaba nìkan ló lè kárí kí àsìkò tó tó. Àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ò fọwọ́ kan ṣọ́bìrì, wọ́n ní àfi kí àwọn fi ojú ara àwọn rí òkú, nítorí àwọn ò ní gbẹ́ sàréè òfo lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wá sílé wa, wọ́n ṣí aṣọ lójú Bàbá, wọ́n wò wọ́n. Hájìà jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣí i. Áà! Hájìà ò wo ẹlòmíràn, èmi ni wọ́n kọjú sí, wọ́n ní, “Ìyàwó, o rí i?” Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ gbẹ̀yìn títí di òní nìyẹn.

Àwa obìnrin dúró lẹ́yìn nígbà ìrun. Mò ń wo ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin. Mò ń retí pé kí àwọn mìíràn máa sáré bọ̀, kí wọ́n kún un. Lémọ́ọ̀mù dúró díẹ̀, ó wẹ̀yìn, ó tún dúró, gbogbo wa la mọ ohun tó ń dúró dè. Lẹ́yìn náà ó ké Àláhù Àkíbárì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé wa kún fọ́fọ́, ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo wọn bá wá.

Ọkọ mi ò bá mi jà. Ìbá sàn kó bá mi jà. Ìyókù ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí nìyí. Jámáà ò ní akéde mọ́, Lémọ́ọ̀mù sì ní èmi tí mo ba nǹkan jẹ́ ni kí n tún un ṣe. Mo jókòó ti ẹ̀rọ AI náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó jẹ́ kó kọ nǹkan kan, mo ní kó kọ ètò sílẹ̀, kó bi mí ní gbogbo ohun tí kò bá yé e. Ó bi mí ta ló máa rí òkú kí ìkéde tó jáde, mo lọ bi àwọn àgbà, wọ́n yan ènìyàn. Ó bi mí orúkọ wo ni a ó fi dán an wò, mo ní orúkọ tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni láyé yìí, àti nọ́ńbà tèmi nìkan. Ó ní kí ọjọ́ àti wákàtí máa wà lára gbogbo ọ̀rọ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí Bàbá fẹ́ sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń bi mí. Ẹ̀yin tí irú ẹ̀rọ yìí bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ má sọ fún un pé kó máa ṣe é lọ kí ẹ̀yin fúnra yín tó mọ ibi tó ń lọ. Kò rẹ̀ ẹ́, kò bẹ̀rù, ibi tí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí ló máa sáré gbà.

Ìbéèrè kan ló kù tí mi ò lè dáhùn, òun ló sì dá iṣẹ́ náà dúró títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní: “Bí ìkéde èké bá ti jáde nípa ẹnìkan rí, kí ni ẹ ó ṣe kí àwọn ènìyàn lè gba òótọ́ gbọ́ lọ́jọ́ tí ẹni náà bá kú?” Mo bi Lémọ́ọ̀mù, ó mi orí. Mo bi ọkọ mi, ó dìde, ó jáde. Mi ò lè bi Hájìà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kọ síbẹ̀?